Wíwọn CO2 láti òfuurufú: sátẹ́láìtì wo ló bá ìbéèrè yín mu?

Bí ẹ bá ń wá dátà kábọ̀n dáyọ́ksáìdì, ìyẹn CO2, tí sátẹ́láìtì wọ̀n, orúkọ tí ẹ ó bá pàdé pọ̀: GOSAT, OCO-2, OCO-3, TanSat, IASI, GHGSat, Daqi-1. Gbogbo wọn ló ń wọn CO2 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó yàtọ̀ síra, ẹni tó bá sì mú èyí tí kò bá ìbéèrè rẹ̀ mu lè ṣe ìṣirò tó dára lójú, kó wá jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́, oníròyìn àti olùwádìí tó fẹ́ yan èyí tí yóò lò ni mo kọ ìfiwéra yìí fún.

Ṣé sátẹ́láìtì tilẹ̀ ni ẹ nílò?

Bó bá jẹ́ pé bí CO2 ayé ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún nìkan lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ fi sátẹ́láìtì sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ òkè Mauna Loa ní Hawaii, tí Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ ní 1958, ti tó yín. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 315 ppm ló bá níbẹ̀, ìyẹn ni pé bí a bá ka ẹyọ afẹ́fẹ́ gbígbẹ mílíọ̀nù kan, 315 nínú wọn ni CO2. Ní 2024, ìpíndọ́gba ọdún náà ti kọjá 424. Ẹ̀rọ tó wà lórí òkè yẹn ń fa afẹ́fẹ́ gan-an sínú, ó sì ń fi í wé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tí wọ́n ti mọ iye CO2 rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí sátẹ́láìtì tó lè fi ohun tó ń wọ̀n wé nǹkan lọ́nà tó ṣe tààrà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí sátẹ́láìtì ti ń wúlò ni ìgbà tí ìbéèrè bá di "níbo?" Igbó wo ló ń fa CO2 mọ́ra lọ́dún yìí? Ìlú wo ló ń tú u jáde jù? Kí ló ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ olóoru nígbà ọ̀gbẹlẹ̀? Àwọn ibùdó orí ilẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n sì ṣọ̀wọ́n jù níbi tí ìbéèrè wọ̀nyí ti le jù: inú igbó kìjikìji, orí agbami òkun, àárín aṣálẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an

Sátẹ́láìtì kì í fọwọ́ kan CO2. Ìmọ́lẹ̀ òòrùn ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ń yẹ̀ wò. Ìmọ́lẹ̀ náà á la afẹ́fẹ́ já wá sílẹ̀, á ta padà lójú ilẹ̀, á sì tún la afẹ́fẹ́ já lọ sókè. Ní àwọn ìgbì ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò rí, ní àyíká 1.61 àti 2.06 máíkírómítà, CO2 máa ń gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀. Ohun tó bá dín níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ iye CO2 tó wà lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn kì í gùn bákan náà. Òòrùn lè wà lókè tààrà, ó sì lè ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ lè jẹ́ òkè, ó sì lè jẹ́ àfonífojì. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń wo ìgbì kẹta, 0.76 máíkírómítà, níbi tí ọ́síjìn ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ọ́síjìn jẹ́ ìdá 20.95 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ibi yòówù kí a lọ láyé. Ẹni tó bá ka ọ́síjìn ti ka afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n á wá fi iye afẹ́fẹ́ náà pín iye CO2, èsì rẹ̀ sì ni XCO2: ìpíndọ́gba CO2 láti ojú ilẹ̀ títí dé òkè pátápátá.

Ẹ di ọ̀rọ̀ "títí dé òkè pátápátá" yìí mú, nítorí òun ló mú kí iṣẹ́ náà le. Èéfín ìlú kan lè mú kí CO2 ìsàlẹ̀ fò sókè gidigidi, ṣùgbọ́n bí a bá pò ó mọ́ gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀, ohun tó kù kì í tó nǹkan. Los Angeles jẹ́ ìlú ńlá tí àwọn òkè ká afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ nǹkan bí 3 ppm ni GOSAT rí i pé XCO2 rẹ̀ fi ju ti aṣálẹ̀ tó wà nítòsí rẹ̀ lọ. 3 nínú ohun tó ju 400 lọ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ̀rọ bá ṣi 1 ppm wọ̀n, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ẹ ń wá ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìfọ́nká àti ìtẹ̀sí

Mo fẹ́ dúró pẹ́ níbí, torí pé òun ni mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé sátẹ́láìtì kan "péye".

Àṣìṣe méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìfọ́nká: ìwọ̀n kan fi díẹ̀ pọ̀ jù, òmíràn fi díẹ̀ kéré jù, láìní ìdí kan pàtó. Èyí kò yọ mí lẹ́nu. Bí ẹ bá kó ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún jọ, tí ẹ sì pín wọn dọ́gba, ìfọ́nká yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Èkejì ni ìtẹ̀sí, òun sì ni olè. Aago tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ kò ní tọ̀nà nítorí pé ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kódà bí ẹ wò ó nígbà ẹgbẹ̀rún. Sátẹ́láìtì tó máa ń ka CO2 aṣálẹ̀ pọ̀ ní 1 ppm yóò máa kà á pọ̀ ní gbogbo ọjọ́, ẹ ó sì rò pé aṣálẹ̀ ń tú CO2 jáde.

Níbo ni ìtẹ̀sí ti ń wá? Èyí tó burú jù ni eruku, èéfín wẹ́wẹ́ àti ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ga lókè. Ìkùukùu tó nípọn rọrùn láti mọ̀, wọ́n á sì da ìwọ̀n yẹn nù. Èyí tó fẹ́lẹ́ ló ń tanni jẹ: ó máa ń ta apá kan ìmọ́lẹ̀ padà kí ó tó dé ilẹ̀, ọ̀nà á wá kúrú, CO2 á sì dà bí ẹni pé ó dín, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ máa ta síwá sẹ́yìn láàárín eruku àti ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀, kí ọ̀nà wá gùn sí i. Lẹ́yìn èyí ni àwọ̀ ilẹ̀. Iyanrìn ń ta ìmọ́lẹ̀ padà púpọ̀, igbó dúdú àti yìnyín kì í ta á padà tó bẹ́ẹ̀ ní ìgbì 2.06.

Gíga ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í rántí rẹ̀. Nítòsí ìpele òkun, bí a bá gun òkè mítà 8, nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún afẹ́fẹ́ ti wà lẹ́yìn wa. Bí àwòrán ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń lò bá fi mítà 8 ṣì, XCO2 ti ṣì ní nǹkan bí 0.4 ppm. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí OCO-2 gan-an nìyẹn. Ní àyíká Lauder ní New Zealand, níbi tí òkè àti àfonífojì ti pọ̀, wọ́n rí i pé XCO2 ń tẹ̀lé ìrísí àwọn òkè. Ibi tí ojú ẹ̀rọ náà ń wò ti yẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí wọ́n rò pé ó ń wò. Ẹ̀dà kẹsàn-án dátà náà ni wọ́n ti tún un ṣe. Ìtàn yìí máa ń mú inú mi dùn, nítorí àwọn tó ni ẹ̀rọ ló tú àṣìṣe ara wọn jáde, tí wọ́n sì kọ ọ́ síta kí gbogbo ayé kà á.

Ẹ fi ojú kan wò wọ́n

| Sátẹ́láìtì | Ọdún tó gòkè | Ibi tí ìwò kan kó | Fífẹ̀ ibi tó ń wò |
|---|---|---|---|
| GOSAT (Jàpáànù) | 2009 | òbìrí 10.5 km | ojú kọ̀ọ̀kan dá wà |
| OCO-2 (NASA, Amẹ́ríkà) | 2014 | 1.3 × 2.25 km | nǹkan bí 10 km |
| TanSat (Ṣáínà) | 2016 | 2 × 2 km | nǹkan bí 20 km |
| OCO-3 (NASA) | 2019 | ó súnmọ́ ti OCO-2 | nǹkan bí 80 × 80 km lórí ìlú tó bá yàn |
| MicroCarb (Faransé) | 2025 | 4.5 × 9 km | 13.5 km |
| CO2M (Yúróòpù) | ó ń bọ̀ | 2 × 2 km | ó ju 250 km lọ |

GOSAT tàbí OCO-2?

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí. Ní oṣù kìíní 2009 ni Jàpáànù gbé GOSAT lọ sókè. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ọjọ́ 24 oṣù kejì, NASA gbé OCO tiwọn dìde. Ìbòrí orí rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀, kò já kúrò, sátẹ́láìtì náà sì já sínú òkun nítòsí Antarctica. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wọmi láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù wá pe ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà náà pé kí wọ́n wá bá àwọn ṣiṣẹ́ lórí dátà GOSAT. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìṣirò tí wọ́n pè ní ACOS, òun náà ni wọ́n sì wá lò fún OCO-2 nígbà tó gòkè ní ọjọ́ 2 oṣù keje 2014. Nítorí náà, bí ẹ bá rí dátà GOSAT tí wọ́n kọ ACOS sí lára, òun àti OCO-2 jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n rọrùn láti so pọ̀ ju dátà méjì tí ìṣirò wọn yàtọ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn tó gùn, GOSAT ni. Kò sí ẹlòmíràn nínú àwọn tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 tó sì ti kọjá ọdún 15 lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún ń wọn mẹ́táènì, gáàsì mìíràn tó ń mú ayé gbóná, èyí tí OCO-2 kò lè wọ̀n rárá. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ló ń padà síbi kan náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ojú tó ń wò jìnnà síra, òbìrí kìlómítà 10.5 sì tóbi débi pé ìkùukùu kékeré kan nínú rẹ̀ lè ba ìwọ̀n náà jẹ́. Ìwọ̀n rere tó ń kù lójúmọ́ kò pọ̀.

OCO-2 ní tirẹ̀ ń wọ̀n nígbà 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan lójúmọ́. Ìkùukùu á jẹ ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, síbẹ̀ ohun tó kù pọ̀ gan-an ju ti GOSAT lọ. Nítorí pé ojú rẹ̀ kéré, ó lè ráyè wọlé láàárín ìkùukùu méjì. Lórí òkun, ó máa ń dojú kọ ibi tí òòrùn ti ń kọ mànà lójú omi, torí pé omi dúdú jù níbòmíràn. Ìfọ́nká ìwọ̀n rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kéré. Ìwọ̀n kan ṣoṣo sábà máa ń wà láàárín 1 ppm sí òtítọ́.

Ohun tí kò ní ni fífẹ̀. Ọ̀nà kìlómítà 10 ni, lẹ́yìn ọjọ́ 16 tó bá yí ayé tán, àlàfo àárín ọ̀nà kan àti èkejì ní agbedeméjì ayé ṣì ń lọ sí nǹkan bí kìlómítà 170. Ìlú yín lè wà nínú àlàfo yẹn títí láé. Ó sì jẹ́ pé ọ̀sán, ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀, ló máa ń kọjá; kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárọ̀.

Ìdájọ́ mi: fún ìbéèrè nípa ilẹ̀ ńlá, igbó, òkun àti ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ mú OCO-2. Òun ló jẹ́ kí a rí i bí ooru El Niño (ìgbà tí omi òkun Pacific máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ) ti 2015 sí 2016 ṣe mú kí àwọn ilẹ̀ olóoru tú CO2 jáde, nípa ọ̀gbẹlẹ̀ níbì kan, iná níbòmíràn, ìjẹrà ewéko níbòmíràn. Fún ìyípadà tó ti wà ṣáájú 2014, tàbí bí mẹ́táènì bá wà nínú ìbéèrè yín, ẹ mú GOSAT. GOSAT-2, tó gòkè ní 2018, fi kábọ̀n mọ́nóksáìdì kún un, èyí sì ń ranni lọ́wọ́ láti mọ CO2 tó wá láti inú iná.

Bó bá jẹ́ ìlú kan

OCO-3 ni. Wọ́n fi ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n ń kọ́ OCO-2 ṣe é, wọ́n sì so ó mọ́ ISS, ibùdó òfuurufú àgbáyé tó ń yí ayé po lókè. Ó ní dígí tó ń yí, tó lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wo ìlú kan láti òpin dé òpin láàárín ìṣẹ́jú bíi méjì. Ibùdó náà kì í kọjá ní wákàtí kan náà, nítorí náà OCO-3 lè rí òwúrọ̀ lónìí, kó rí ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ń wádìí bí ewéko ṣe ń mí láàárín ọjọ́ yóò mọ iyì èyí.

Kì í dé ibi tó ju dìgírì 52 lọ ní àríwá tàbí gúúsù agbedeméjì ayé. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ní ihò: láti ìparí 2023 títí di àárín 2024, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rọ mìíràn lè lo àyè rẹ̀. Ẹ má fi fa ìlà ọdún dé ọdún.

CO2M ti Yúróòpù ni mo ń retí jù lọ. Yóò fẹ̀ ju kìlómítà 250 lọ, yóò sì wọn náítírójìn dáyọ́ksáìdì pa pọ̀ mọ́ CO2. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé CO2 wà níbi gbogbo, ó sì ṣòro láti mọ ibi tí èéfín kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Náítírójìn dáyọ́ksáìdì kì í pẹ́ lójú afẹ́fẹ́, ó sì ń jáde láti inú iná kan náà, nítorí náà òun ni yóò máa tọ́ka sí ojú ọ̀nà èéfín. Ẹ̀rọ kẹta lórí rẹ̀ yóò máa wo eruku láti igun púpọ̀, kó lè dín ìtẹ̀sí tí eruku ń fà kù.

Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ amúnáwá kan ṣoṣo

OCO-2 ti ṣe é rí, nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá ṣe kòńgẹ́ èéfín ilé iṣẹ́ ńlá tó ń jó èédú, ṣùgbọ́n kòńgẹ́ náà ṣọ̀wọ́n. Àwọn sátẹ́láìtì bíi GHGSat àti Tanager-1 ń rí ibi tí kò tó mítà 50 ní ìwò kan, wọ́n sì lè ya èéfín náà bí àwòrán. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé "ibí yìí ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ." Wọn kì í sọ iye CO2 afẹ́fẹ́ gan-an fún yín pẹ̀lú ìpéye, ẹ má sì fi wọ́n dípò OCO-2. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ́jọ́ náà tún wà níbẹ̀: bí ẹ bá ṣi ìyára rẹ̀ mú, iye tí ilé iṣẹ́ náà ń tú jáde á ṣì bákan náà.

Òru, àti ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù ayé ní ìgbà òtútù

Yàtọ̀ sí IASI àti Daqi-1, gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ gbẹ́kẹ̀ lé òòrùn. Níbi tí òòrùn kò sí, ọ̀nà méjì ló kù. Àwọn ẹ̀rọ IASI àti AIRS, tí wọ́n gbé sórí sátẹ́láìtì mìíràn, ń wo ooru tí ayé ń mí jáde, tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n àárín afẹ́fẹ́ lókè ni wọ́n ń gbọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nítòsí ilẹ̀ kì í dé etí wọn dáadáa. Èkejì ni lésà. Daqi-1 ti Ṣáínà, tó gòkè ní oṣù kẹrin 2022, ń tan lésà tirẹ̀ sílẹ̀ ní àyíká 1.57 máíkírómítà, ó sì ń ka ohun tó padà. Nítorí pé ó mọ àkókò tí ìmọ́lẹ̀ náà lò, ó lè mọ èyí tó ta padà lára ìkùukùu yàtọ̀ sí èyí tó dé ilẹ̀. Ojú ọ̀nà rẹ̀ tín-ín-rín bí ìlà ni.

Ta ló ń yẹ wọ́n wò?

Ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún jù nìyí. Láìsí TCCON, kò sí ọ̀kan nínú àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí tí mo lè gbà gbọ́ dé 1 ppm. TCCON jẹ́ àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tó ń kọjú sí òòrùn tààrà, tí wọ́n ń wọn XCO2 láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ní Park Falls ní Wisconsin. Bí wọ́n ti ń wo òòrùn fúnra rẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ kò kàn wọ́n, eruku kì í sì í dí wọn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn náà kò dá dúró: bàlúù máa ń gba òkè wọn kọjá, á fa afẹ́fẹ́ ní ìpele ìpele, kí ìwọ̀n wọn lè bá ti WMO, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, mu. Nígbà tí OCO-2 bá sì ń kọjá, ó lè yí ojú rẹ̀ sí ibùdó kan, kó wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ibi tí ẹ̀rọ TCCON kò sí, kò sí ẹni tó lè bá wọn wádìí ìtẹ̀sí níbẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ olóoru pọ̀ nínú ibi wọ̀nyẹn, ìkùukùu àti èéfín iná igbó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi sátẹ́láìtì nìkan sọ pé igbó olóoru kan ń tú CO2 jáde tàbí ń fà á mọ́ra, ẹ béèrè ibùdó tó súnmọ́ ọ jù, kí ẹ sì béèrè bóyá dátà GOSAT sọ ohun kan náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò

Dátà OCO-2 àti OCO-3 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ NASA, ti GOSAT wà lọ́dọ̀ ilé ìwádìí NIES ní Jàpáànù. Nínú fáìlì "Lite" ti OCO-2, àmì kan wà tó ń jẹ́ xco2_quality_flag. Ìwọ̀n tó bá ní 0 ni kí ẹ lò. Ẹni tí kò bá wo àmì yìí yóò rí òkìtì CO2 ní etí gbogbo ìkùukùu, yóò sì fẹ́ kọ ìròyìn lé e lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi dátà náà wé ìṣirò kọ̀ǹpútà nípa ojú ọjọ́, ẹ lo averaging kernel tó bá ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan wá. Ohun tó ń sọ ni bí èsì ṣe wá láti inú ohun tí ẹ̀rọ rí tó, àti bó ṣe wá láti inú ohun tí ìṣirò ti gbà gbọ́ kó tó wò. Ẹ yà ìwọ̀n orí ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti orí òkun títí ẹ ó fi rí i pé wọ́n bára mu. Ẹ má sì ṣe da ẹ̀dà méjì pọ̀. Bí ẹ̀dà tuntun bá jáde, gbogbo ọdún láti 2014 ni wọ́n máa ń tún ṣírò, kì í ṣe ọdún tó kẹ́yìn nìkan. Fáìlì tí ẹ kó lọ́dún méjì sẹ́yìn àti èyí tí ẹ kó lónìí lè fi 1 ppm yàtọ̀ síra lórí òkè kan náà, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà náà sórí gbogbo àwòrán tí ẹ bá yà.